Ẹni Tó Jáde Lọ Pàdé Ìyá Ṣèyílọ́lá

Fóònù géètì dún nígbà tí wọ́n ń kọrin lọ́wọ́. Ó dún kíkankíkan, ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tó wà ní pálọ̀, kò sẹ́ni tó yíjú sí i àfi Ṣèyílọ́lá. Àfi bíi pé etí tirẹ̀ nìkan ni wọ́n rán ìró náà sí.

Ọ̀sán Sátidé ni. Níta, oòrùn ti mú kí ọ̀dà títì Thomas Estate rọ̀. Nínú ilé, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Ìpàdé àdúrà àwọn obìnrin ìjọ wọn ni wọ́n ń ṣe nílé Ṣèyílọ́lá, ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà sì ni bí onígbàgbọ́ ṣe lè jẹ́wọ́ Olúwa rẹ̀ láìtijú láàárín ayé òde òní. Ṣèyílọ́lá ló kọ́ wọn. Ó kọ́ wọn débi pé Ìyáàfin Odùkọ̀yà, ìyàwó pásítọ̀, ń nu ojú. Bí orin yìí bá ti parí, wọ́n máa fòróró yàn án ní olórí àwọn obìnrin.

Ó yọ́ lọ sí kíṣìnì, ó gbé fóònù.

"Màdáámù, ẹ káàsán mà." Hakeem tó ń ṣọ́ géètì ni. "Màmá kan ń béèrè yín. Wọn ò ní kóòdù. Wọ́n lẹ̀yin lọmọ àwọn."

Ní ẹ́síteètì yẹn, ẹni tí onílé ò bá fi kóòdù ránṣẹ́ sí kì í wọlé, ìbáà ṣe ọba.

"Kí ni wọ́n wọ̀?"

"Súútánà funfun. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi dúró lórí ọ̀dà gbígbóná yìí. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ní Awóyáyà làwọn ti ń bọ̀."

Ìyá Ṣèyílọ́lá ni. Ìyá rẹ̀ tó ń yan ẹja létí ọ̀sà ní Ìbẹ̀jú, tó ń ríran nínú ìjọ aláṣọ funfun, tó fi àdúrà àti èéfín tọ́ ọ títí ó fi di lọ́yà. Ṣùgbọ́n Kánádà ni Ṣèyílọ́lá sọ fáwọn ará ìpàdé pé ìyá òun ń gbé. Láàárọ̀ yìí náà ni Ìyáàfin Odùkọ̀yà ṣe yẹ̀yẹ́: "Àwọn aláṣọ funfun yẹn náà la ó máa pè ní Kristẹni? Abẹ́là àti lọ́fínńdà!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Ṣèyílọ́lá ló ròkè jù.

"Mi ò mọ̀ wọ́n," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ẹ̀n?"

"Wọ́n ṣi ilé ni."

"Màdáámù, imú kan náà ni Ọlọ́run fún ẹ̀yin méjèèjì o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kóòdù ránṣẹ́, oòrùn yìí mú."

"Hakeem! Ṣé o ò gbọ́ Yorùbá ni? Mo ní mi ò mọ̀ wọ́n!"

Hakeem yí ẹnu kúrò lára fóònù. "Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́. Wọ́n làwọn ò mọ̀ yín o."

Ṣèyílọ́lá dúró kó gbọ́ ìdáhùn. Èémí kan ló gbọ́, tó jáde díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn sọ ẹrù kalẹ̀.

"Ta ni?" ni Ìyáàfin Odùkọ̀yà bi í nígbà tó padà.

"Ẹnì kan tó ṣi ilé ni, mà."

Ó kúnlẹ̀, wọ́n da òróró sí i lórí. Bó ṣe dìde báyìí ni àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó o. Táìsì ilẹ̀ tutù bí omi yìnyín, síbẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta bíi pé ó tẹ iná. Ó gbé ọ̀kan sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó gbé ìkejì.

"Ẹ̀mí ti bà lé e!" Sìsítà Tọ́pẹ́ figbe ta. Ni wọ́n bá ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Ojú tì í débi tí kò lè wo ẹnikẹ́ni. Ó já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ wọn, ó sáré jáde, ó di géètì.

Hakeem dìde, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ káàbọ̀, Màdáámù. Màmá ti rí ọkọ̀?"

"Níbo ni wọ́n wà?"

"Àbí ẹ fẹ́ fi mí ṣeré ni? Ṣebí ẹ̀yin lẹ sìn wọ́n lọ."

"Èmi?"

"Mi ò tíì sọ fóònù kalẹ̀ tán tí ẹ fi yọ. Ẹ kúnlẹ̀ sórí ọ̀dà níbí yìí. Ẹ ń ké pé, 'Ẹ bá mi wò ó o, ìyá mi rèé!' Ẹ bọ́ bàtà yín dání kí ẹ lè fẹsẹ̀ lásán bá wọn rìn." Ó fọwọ́ pa ojú. "Èmi Mùsùlùmí yìí, Màdáámù, omi bọ́ lójú mi."

Ṣèyílọ́lá pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Ariwo ọkọ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ohùn arúgbó náà, tó dùn bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́rìn-ín tán.

"Ẹlòó?"

"Màmá."

"Ìwọ ta ni?"

"Ṣèyílọ́lá ni, mà."

"Ṣèyílọ́lá kẹ̀? Ṣèyílọ́lá tèmi jókòó tì mí níbí, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí mi lẹ́sẹ̀."

Nígbà náà ló gbọ́ ohùn kejì nínú fóònù náà. Ohùn òun fúnra rẹ̀ ni, èyí tó ń lò kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fimú sọ̀rọ̀. "Màmá, ta ni yẹn?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, ọmọ mi."

Ṣèyílọ́lá la ẹnu láti kígbe. Òórùn òróró ló kọ́kọ́ kàn án. Ìyáàfin Odùkọ̀yà ti dé ẹ̀yìn rẹ̀, Tọ́pẹ́ àtàwọn yòókù ń bọ̀.

"Sìsítà Ṣèyí, ṣé kò sí nǹkan o? Ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

Hakeem ń wò ó. Gbogbo wọn ń wò ó. Lórí fóònù, ìyá rẹ̀ ń retí.

"Ẹ má bínú, mà," ni Ṣèyílọ́lá wí sínú fóònù. "Nọ́ńbà ni mo ṣì pè."

"Kò burú, ọmọ," ni ìyá náà dáhùn jẹ́jẹ́. "Olúwa á jẹ́ kó o rí ẹni tó ò ń wá."