Ta Ló Ya Ẹsẹ̀ Yìí?

"Kọ orúkọ rẹ̀ sí i, jẹ́ ká máa lọ sílé." Ọ̀gbẹ́ni Gbádébọ̀ ti káàdì funfun kan síwájú Tùmínínú, ó sì gbé bírò lé e lórí.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù ti túká. Olùkọ́ yìí àti Tùmínínú, pẹ̀lú Láyí ọ̀rẹ́ Tùmínínú tó ń fọ búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu ẹ̀rọ omi nìkan ló kù nínú yàrá iṣẹ́ ọnà ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní Dagenham. Orí tábìlì ni wọ́n tẹ́ àwọn ìwé náà sí: ìwé ìtàn aláwòrán àwọn ọmọkùnrin, irú èyí tí àwọn ọmọ Òyìnbó ń fi owó súìtì wọn rà ní ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Nínú wọn ni atukọ̀ ti ń bá ìgbì jà, tí ọmọ ogun ń já bọ́ láti inú bàálù, tí àwọn tí ọkọ̀ wọn rì sì ń rìn láìwọ bàtà létí òkun. Ìdílé bàbá arúgbó kan tó kú ní Rippleside ló kó páálí méjì rẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́.

Kò sí orúkọ ayàwòrán kankan lára wọn. Láyé ìgbà náà, àwọn tó ń tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í sábà jẹ́ kí ayàwòrán fọwọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ni Tùmínínú, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ti fi jókòó tì wọ́n kó lè mọ ẹni tó ya èwo.

"Orúkọ ta ni kí n kọ, sà?"

"Harold Wexcombe. Gbogbo ẹni tó ń kó irú ìwé yìí jọ ló mọ̀ ọ́n."

"Èmi náà mọ̀ ọ́n, sà. Òun kọ́ ló yà á."

Búrọ́ọ̀ṣì bọ́ lọ́wọ́ Láyí.

Ọ̀gbẹ́ni Gbádébọ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó sì ti fi ọdún mẹ́tàlélógún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nílùú Òyìnbó láìka àárẹ̀ sí. Ó fa àga, ó jókòó. "Tùmínínú, gbọ́. Wọ́n fẹ́ ti yàrá iṣẹ́ ọnà yìí pa. Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nígbà tí a bá ṣe ìpàtẹ wa, oníwèé ìròyìn ń bọ̀, àwọn kánsílọ̀ ń bọ̀, nítorí mo ti sọ pé a ní iṣẹ́ Wexcombe lọ́wọ́. Orúkọ ńlá ló máa gbà wá. Ta ló máa mọ̀?"

"Ẹsẹ̀ yẹn máa tú wa fó, sà."

"Ẹsẹ̀ wo?"

Tùmínínú ṣí ìwé méjì sílẹ̀. "Wexcombe ò mọ ẹsẹ̀ yà. Bí kò bá fi koríko bò ó, á wọ bàtà fún un. Ìwọ̀nba tó sì yà, ìka márààrún á tò tẹ̀lé ara wọn bí èrò ìdíkọ̀ bọ́ọ̀sì. Ẹ wá wo èyí, sà. Ìka tó kéré jù gun orí ìkejì rẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì nìkan, ọ̀tún kì í rí bẹ́ẹ̀. Ìtàn mọ́kànlá ló wà níbí tó rí báyìí, ọwọ́ kan náà ló sì ya mọ́kọ̀ọ̀kànlá."

Ojú ni ẹlòmíràn ì bá wò, tàbí ìbọn, tàbí ọkọ̀. Ṣùgbọ́n inú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan ní Creekmouth ni ìjọ Aládùúrà tí Tùmínínú dàgbà sí wà, ẹnikẹ́ni kì í sì wọ bàtà wọ ibẹ̀. Láti ọmọ ọdún mẹ́fà ló ti ń to bàtà àwọn ará ìjọ lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí àdúrà bá sì gùn, tí gbogbo ìjọ dojú bolẹ̀, ẹsẹ̀ ni ọmọdé tó bá la ojú díẹ̀ máa rí. Ó mọ gìgísẹ̀ Bàbá Irewọlé tó sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Ó mọ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ Ìyá Kúnmi tó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni ń yọjú wo aládùúgbò. Sùtánà gbogbo wọn funfun bákan náà, ṣùgbọ́n Ẹlẹ́dàá kò dá ẹsẹ̀ méjì kó jọra.

"Ẹsẹ̀!" Ọ̀gbẹ́ni Gbádébọ̀ dìde. "Ọjọ́rú ni ọjọ́ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ ọnà máa gba ìwé ìjẹ́rìí lórí rẹ mọ. Mi ò tíì fi tèmi ránṣẹ́. Mo fẹ́ kọ ọ́ síbẹ̀ pé o gbọ́n, o sì gbọ́ràn. Má jẹ́ kí n purọ́."

Ní ìdíkọ̀ bọ́ọ̀sì Heathway, Láyí kò jẹ́ kó sinmi.

"Tùmí, allow it, fi í sílẹ̀ jàre! Orúkọ lásán ni. Wexcombe ti kú, ẹni yẹn náà á ti kú. Òkú wo ló máa gun bọ́ọ̀sì wá sí Dagenham wá bá ẹ jà?"

"Torí pé òkú ò lè jà la ṣe máa jà á lólè?"

"O ti ń lálàá kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn látìgbà tá a wà ní Year 9. Ṣé ìka ẹsẹ̀ lo máa tìtorí ẹ̀ pàdánù ẹ̀? Ìka ẹsẹ̀, Tùmí!"

Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí Tùmínínú jókòó sínú bọ́ọ̀sì, ẹ̀rín náà ti gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, nígbà tó sì di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná, ó sì kọ ọ́: Harold Wexcombe. Ìkọ̀wé rẹ̀ dára lọ́pọ̀lọpọ̀. Bí irọ́ yẹn ṣe rẹwà tó lórí káàdì ló bà á nínú jẹ́ jù.

Ìyá rẹ̀, Ọmọ́bọ́láńlé, wọlé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì lọ́rùn. Ó yọjú wò ó. "Ọwọ́ ẹ mà dáa o. Ta ni Harold?"

"Ẹni tí kò yà á, Mọ́mì." Ó sì tú gbogbo ọ̀rọ̀ náà palẹ̀.

Ìyá rẹ̀ bọ́ bàtà, ó jókòó. "Olùkọ́ ẹ ni. Mi ò ní sọ pé kó o rí i fín. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ fún ẹ rí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, mi ò níwèé àṣẹ ìgbélùú. Ìwé ẹlòmíì ni mo fi ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ọdún méjì. Ṣọpẹ́ lorúkọ tó wà lórí ìwé yẹn. Mo máa wẹ̀ fún wọn, mo máa fún wọn lóúnjẹ, mo máa kọrin fún wọn títí wọ́n á fi sùn. Wọ́n á ní, 'Ṣọpẹ́, o káre. Ṣọpẹ́, kí Ọlọ́run bù kún ẹ.' Ọmọ́bọ́láńlé ń ṣiṣẹ́, Ṣọpẹ́ ń gba àdúrà. Mo ti bẹ Ọlọ́run fún àforíjì, mo sì ti tún ìwé mi ṣe. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí ẹnì kan bá pe Ṣọpẹ́ lójú títì, mo máa ń wẹ̀yìn."

Omi lé sójú Tùmínínú.

"Ẹni tó ya ẹsẹ̀ yẹn," ni ìyá rẹ̀ wí, "òun náà ṣiṣẹ́. Kọ ohun tí o bá lè kà síwájú Ọlọ́run."

Tùmínínú fa káàdì náà ya sí méjì, ó tún un ya sí mẹ́rin.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó kúnlẹ̀ kí Ọ̀gbẹ́ni Gbádébọ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé káàdì tuntun fún un. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: A kò tíì mọ ẹni tó ya èyí. Ẹ wo ẹsẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wa.

Olùkọ́ kà á. Ojú rẹ̀ le. "O ń kúnlẹ̀ fún mi, o sì ń gbé mi ṣubú."

"Orúnkún mi ń bọ̀wọ̀ fún yín, sà. Ọwọ́ mi ni kò lè jẹ́rìí èké."

"Nígbà náà, Láyí ló máa sọ̀rọ̀ ní Sátidé. Ìwé ìjẹ́rìí yẹn sì máa wà níbi tó wà."

Ọjọ́rú dé, Ọjọ́rú kọjá. Ìwé náà kò kúrò lójú kan.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, gbọ̀ngàn àdúgbò tó wà lẹ́bàá Heathway kún fọ́fọ́. Lára ògiri, lábẹ́ àwòrán ọkùnrin aláìwọ-bàtà kan tó ń sá fún ìgbì, káàdì tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ wà níbẹ̀: Harold Wexcombe ló yà á. Tùmínínú rìn wọlé, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán náà gan-an, ó sì gbé káàdì tirẹ̀ sáyà, níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè kà á.

Ọ̀gbẹ́ni Gbádébọ̀ yára wá. "Lọ jókòó," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Tùmínínú kúnlẹ̀ kí i. Ó dìde, ó sì tún dúró síbi tó dúró sí tẹ́lẹ̀.

"Ọmọ ta rèé?" ni obìnrin kan fi ẹ̀gàn béèrè lẹ́yìn.

"Ọmọ mi ni!" Ìyá Tùmínínú ló dáhùn láti ẹnu ọ̀nà. Àkókò ìsinmi rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ló fi wá, kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìbéèrè mìíràn wà?"

Wọ́n pe Láyí láti sọ̀rọ̀. Ó gba makirofóònù, ó wo olùkọ́, ó sì wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Èmi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀," ló wí. "Búrọ́ọ̀ṣì ni mò ń fọ̀ ní tèmi. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló dúró síbẹ̀ yẹn."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Tùmínínú. Nínú wọn ni ìyá arúgbó Òyìnbó kan wà, Doreen lorúkọ rẹ̀, tó ti gbé aṣọ òtútù wọ̀ tán, tó fẹ́ máa lọ. Ó fi ọ̀pá tilẹ̀ wá. Ó ka káàdì tó wà lára ògiri, ó pòṣé. Ó ka èyí tó wà láyà ọmọdébìnrin náà, ó sì kà á lẹ́ẹ̀kejì.

"Ta ló ní kó o dúró síbí?"

"Èmi fúnra mi, mà."

"Ẹsẹ̀ tí o ní ká wò yẹn, mo mọ ẹni tó ni ín."

Tùmínínú fẹ́ gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rántí pé irọ́ tó dùn létí ṣì jẹ́ irọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, kí lẹ mọ̀ nípa ẹ̀?"

"Tòsì nìkan ló rí bẹ́ẹ̀," ni Doreen wí. Ó jókòó sórí àga, ó bọ́ bàtà òsì, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Ìka tó kéré jù gun orí ìkejì rẹ̀, bó ṣe wà nínú àwòrán gẹ́lẹ́.

Àwọn tó wà nítòsí sún mọ́ ọn láti wò ó.

"Màmá mi ló ya gbogbo ìwọ̀nyí," ni ìyá arúgbó náà wí. "Lórí tábìlì ilé ìdáná, nígbà tí bàbá mi bá ti lọ sílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀. Á ní kí n gbé ẹsẹ̀ lé àpótí. Bísíkíìtì kan fún ẹsẹ̀ kan! Ó fọwọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́. Wọ́n ní kò yẹ kí àwọn ọmọkùnrin mọ̀ pé obìnrin ló ń ya ogun fún wọn. Bí mo ṣe rí orúkọ ọkùnrin yẹn lára ògiri, mo ní wọ́n tún ti dé nìyẹn, mo fẹ́ máa lọ. Àfi ìgbà tí mo rí ìwọ."

"Kí lorúkọ wọn, mà?"

"Elsie Brind."

Ọ̀gbẹ́ni Gbádébọ̀ ló yọ káàdì ara ògiri fúnra rẹ̀. Ó mú bírò láti inú àpò rẹ̀, ó sì nà án sí Tùmínínú. Tùmínínú dojú káàdì tirẹ̀ dé, ó kọ orúkọ náà sí ẹ̀yìn rẹ̀ gàdàgbà, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Doreen fi ìka tọ ipa lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ṣì wà ní ìhòòhò lórí ilẹ̀.

Àyè ti kún ní kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́dún yẹn. Tùmínínú kò wọlé, ó sì dùn ún dénú egungun. Ní ọdún tó tẹ̀lé e ni wọ́n tó gbà á wọlé, ìwé ìjẹ́rìí olùkọ́ rẹ̀ sì wà lórí fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: "Ọmọ yìí gbọ́n. Ó kọ ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó ṣe bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ bọ̀wọ̀ fún àgbà, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí ẹ fi ọwọ́ yín kọ irọ́, ẹ dìde dúró. "A kò tíì mọ̀" kì í ṣe ìtìjú. Orúkọ èké ni ìtìjú. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ó sì lè jẹ́ pé ẹsẹ̀ lásán ni yóò fi rìn dé.