Ọwọ́ Tí Abẹ́rẹ́ Nà Sókè

Ògbufọ̀ dúró níwájú gbọ̀ngàn ìpàdé, ó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, ó ń fi ojú wo aago ara ògiri. Aago mẹ́ta ààbọ̀ ti lù. Aago mẹ́rin ni àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù àṣekágbá, òun sì ni aṣọ́lé wọn. Méjì nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń yọjú lójú fèrèsé bí ológbò tó gbóòórùn ẹja, wọ́n ń juwọ́ sí i pé kó máa bọ̀.

Kì í ṣe orúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn o. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìránṣọ tí ìyá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ló sọ ọ́ ní Ògbufọ̀, torí láti ọmọ ọdún mẹ́jọ ló ti ń fi èdè ọwọ́ túmọ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fún ìyá rẹ̀. Adití ni ìyá náà. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí bó bá rán ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì, agbára káká lèèyàn fi ń rí ojú òwú. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi jókòó sídìí maṣíìnì kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹnikẹ́ni kò sì tíì dá ọrùn aṣọ kan padà fún un rí. Adití méjì mìíràn wà níbi iṣẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n wọn kì í wá sípàdé mọ́. Wọ́n ní àwọn ò lè máa wá wo ẹnu èèyàn bí ẹni ń wo ẹja nínú omi.

Akọ̀wé ẹgbẹ́, ọkùnrin kan tí kálámù kì í kúrò létí rẹ̀, dìde, ó ka ọ̀rọ̀ tó kàn.

"Àwọn aláṣẹ fẹ́ kó maṣíìnì tuntun wá. Ó máa ń lu aago bí abẹ́rẹ́ bá fẹ́ ṣẹ́, tàbí bí ọwọ́ bá sún mọ́ ọn jù. Wọ́n ní ẹni tí kò bá lè gbọ́ aago yẹn, kó fi ìránṣọ sílẹ̀, kó lọ sí yàrá tí a ti ń di aṣọ sínú páálí. Ẹni tó bá fara mọ́ ọn, kó nawọ́." Ó wá kọjú sí Ògbufọ̀. "Ọmọ, jọ̀ọ́, ké e kúrú. Gbogbo wa la fẹ́ relé."

Ògbufọ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀ délẹ̀. Ó sì mọ ìyá rẹ̀: bó bá sọ ọ́ tán, Abẹ́rẹ́ á béèrè ìbéèrè mẹ́wàá, àlàyé á gorí àlàyé, aago márùn-ún á sì bá wọn níbẹ̀. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé òun á ṣàlàyé tó kù nílé. Ṣebí àwọn àgbà ló ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ? Ọmọ burúkú! Òwe tí wọ́n fi ń kọ́ni lọ́gbọ́n ló fi ń bo ìkánjú mọ́lẹ̀.

Ó fi ọwọ́ sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Wọ́n fẹ́ kó maṣíìnì tuntun wá. Ẹ nawọ́."

Inú Abẹ́rẹ́ dùn, torí ọdún mẹ́ta ló ti ń bẹ̀bẹ̀ fún maṣíìnì tuntun. Ó na ọwọ́ sókè gbọnran, ó sì tún rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ti fẹ́ takò ó wo ọwọ́ yẹn, wọ́n wo ara wọn. "Bí Abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ bá gbà, kí ló kàn mí?" Ni ọ̀pọ̀ wọn bá nawọ́. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé Abẹ́rẹ́ náà wà lára àwọn tó fọwọ́ sí i.

Wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí Ògbufọ̀ délé, ayọ̀ kò jẹ́ kó rántí àlàyé kankan. Nígbà tó sì rántí, ẹ̀rù kò jẹ́ kó sọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Abẹ́rẹ́ ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì rẹ̀ àti tìmùtìmù tó máa ń jókòó lé, nínú àpò ọ̀rá. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ó fi ọwọ́ sọ pé:

"Wọ́n ti gbé mi lọ sí yàrá páálí. Wọ́n ní èmi ni mo gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ìwé hàn mí. Ẹgbẹ́ mi ló tà mí báyìí."

Ògbufọ̀ ti mọ bó ṣe jẹ́. Kò sí ẹlòmíì tó gbọ́ èdè ọwọ́ nínú gbọ̀ngàn yẹn. Bó bá dákẹ́, ẹgbẹ́ ni ìyá rẹ̀ á máa bínú sí títí ayé. Kò tiẹ̀ ní láti parọ́. Irọ́ ti jókòó fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ tó dùbúlẹ̀ lórí àpò náà, ojú sì tì í dé egungun. Ó kúnlẹ̀.

"Màámi, èmi ni. Mi ò sọ gbogbo rẹ̀ fún yín. Bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ lọ gbá."

Ká ní Abẹ́rẹ́ gbá a létí ni, ì bá sàn. Ó kàn wò ó. "Ẹnu ẹni la fi ń kọ ohun tí a ò bá jẹ," ọwọ́ rẹ̀ sọ. "Ìwọ ni ẹnu mi níbẹ̀." Ó wá kọjú sí ògiri. Láàárín àwọn méjèèjì, ìyẹn le ju ariwo lọ, torí ẹni tó bá ti yíjú kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ kankan mọ́.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, Ògbufọ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà Alága ẹgbẹ́, ìyá àgbàlagbà kan tó ń ránṣọ níbẹ̀ kó tó di pé wọ́n bí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó kù. Ó jẹ́wọ́ fún un, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ó mà ṣe o," ni Alága wí. "Ohun tí a bá ti dìbò lé lórí, a kì í tún un gbé dìde títí ọdún á fi yípo." Ó fi gíláàsì sójú, ó ṣí ìwé òfin ẹgbẹ́, ó fi ìka tọ ìlà kan lọ. Ni ẹ̀rín bá gbà á lẹ́nu. "Àfi bí ẹnì kan lára àwọn tó fọwọ́ sí i bá ní ká tún un yẹ̀ wò. Àwọn tó takò ó ò lẹ́nu níbẹ̀. Ọmọ mi, ọwọ́ ta ló ga jù lọ́jọ́ yẹn?"

Ògbufọ̀ sọ ọ̀rọ̀ Alága fún ìyá rẹ̀ láìyọ kan kúrò, ìyẹn sì gbà láti wá. Ní ìpàdé ọjọ́ Ẹtì, Ògbufọ̀ kọ́kọ́ jẹ́wọ́ níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Ẹnu ń kùn yí ká. Akọ̀wé fò dìde. "A ò lè máa torí eré ọmọdé da ìpinnu rú! Ó wà nínú ìwé pé Abẹ́rẹ́ nawọ́!"

"Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́," ni Alága dá a lóhùn. "Ìwọ lo kọ ọ́. Ohun tí o kọ yẹn náà ló fún un láyè láti ní ká tún un yẹ̀ wò lónìí. Jókòó, bàbá."

Ẹ̀rín sọ. Abẹ́rẹ́ dìde, ó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, ọmọ rẹ̀ sì ń gbé ọ̀rọ̀ náà jáde ní odindi, títí kan èyí tó ta á.

"Ọmọ mi ṣẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ta ló gbé ẹrù àgbà ka orí ọmọ ọdún mẹ́jọ? Gbogbo wa ni, àtèmi náà. Wọ́n ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Èmi rèé, ẹ fá tèmi lójú mi! Mi ò gbọ́ aago, àmọ́ mo ríran. Ẹ fi iná tó máa tàn bí aago bá lù sí i."

Ọkùnrin tó ń tún maṣíìnì ṣe họrí. "Kí n má parọ́, kò le. Wáyà kan pẹ̀lú gílóòbù pupa ni. Ẹ̀yin tí ẹ ní etí gan-an, nínú ariwo ogójì maṣíìnì, ta ló fẹ́ gbọ́ aago?"

"Èmi kọ́!" obìnrin kan kígbe látẹ̀yìn. "Láti èṣí ni etí ọ̀tún mi ti kú. Ẹ̀rù ló ń bà mí tí mo fi dákẹ́."

Wọ́n tún ìbò dì. Ọwọ́ kún gbọ̀ngàn bí igbó, ti Akọ̀wé ló gòkè kẹ́yìn. Wọ́n pinnu pé kò sí ẹni tó máa kúrò nídìí ìránṣọ nítorí etí, pé iná gbọ́dọ̀ wà lára maṣíìnì, àti pé ẹgbẹ́ á gba ògbufọ̀ tó kọ́ṣẹ́ náà dáadáa. Nígbà tí àwọn aláṣẹ rí i pé ohùn gbogbo òṣìṣẹ́ ṣọ̀kan, wọ́n gbà. Kí oṣù tó parí, Abẹ́rẹ́ ti gbé tìmùtìmù rẹ̀ padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Ìpàdé tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin ògbufọ̀ tuntun ló dúró níwájú. Àwọn adití méjì yẹn wá, wọ́n sì ń jiyàn tó bẹ́ẹ̀ tí Alága fi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ káwọn ẹlòmíì sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin náà jókòó sẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan, kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́. Ara rẹ̀ fúyẹ́ bí ẹni sọ ẹrù kalẹ̀. Ó ti yé e wàyí pé ẹni tó bá jẹ́ ẹnu fún ẹlòmíì kò láṣẹ láti gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú. Ó sì yé ẹgbẹ́ náà pé iṣẹ́ àwọn ni láti wá ọ̀nà tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ á fi gbọ́ràn, kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ ẹnì kan.

Abẹ́rẹ́ bojú wẹ̀yìn láti ìlà iwájú, ó fi ọwọ́ bá a sọ̀rọ̀ lórí orí àwọn èèyàn.

"Aago mẹ́ta ààbọ̀ ti lù. Kí lo ṣì ń wá níbí? Lọ gbá bọ́ọ̀lù rẹ."