Àgbá Tó Ń Wúkọ́ Lábẹ́ Ààfin Késárì

Lọ́jọ́ tí akéde gómìnà tí ìjọba Fẹ́nísì fi sórí ìlú Split dúró láàárín àwọn òpó ààfin Késárì, tó sì fọn fèrè, ẹja ṣì kún agbọ̀n àwọn obìnrin, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rántí ọjà mọ́. Ó ní ìdì aṣọ onírun kan ti sọnù ní ilé àhámọ́ etíkun, níbi tí wọ́n ti ń dá àwọn oníṣòwò Bósínà àtàwọn ẹṣin wọn dúró kí wọ́n tó wọ̀lú. Abúlé tí aṣọ náà ti wá, àjàkálẹ̀ àrùn ti ń pa wọ́n. Ẹni tó bá gbé e pa mọ́, igi ni wọn yóò so ó kọ́.

Láti ọjọ́ náà ni kálukú ti ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ẹnìkejì.

Perina, opó tó ń fọṣọ fáwọn olówó, ti ní ẹni tó ń fura sí. Inú ààfin àtijọ́ náà lòun àti ọ̀pọ̀ ará ìlú ń gbé. Ọba Róòmù tó kọ́ ọ ti kú tipẹ́tipẹ́, òrùlé rẹ̀ ti wó, àwọn èèyàn sì ti mọ ilé tiwọn há àárín àlàpà rẹ̀ bí alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ṣe ń mọ ìtẹ́. Ògiri ọba ni ògiri yàrá Perina. Orí kìnnìún tí wọ́n gbẹ́ sí i lára ló ń so àlùbọ́sà rẹ̀ kọ́. Nísàlẹ̀, àjà ilẹ̀ ọba lọ salalu, ó ṣókùnkùn, pàǹtí ọ̀pọ̀ ìran ló wà níbẹ̀. Láti inú rẹ̀ ni Perina ti ń gbọ́ ikọ́.

Ó sì ti rí Jerolim, aládùúgbò rẹ̀ tó ń kan àgbá wáìnì, tó ń gbé apẹ̀rẹ̀ tó fi aṣọ bò sọ̀kalẹ̀ lọ síbẹ̀. Bí apẹ̀rẹ̀ náà bá ń bọ̀, á ti ṣófo.

Ó lọ bá a ní ìsọ̀.

“Jerolim, o kú iṣẹ́ o. Kí lo ń wá nísàlẹ̀ lójoojúmọ́?”

“Àgbá mi ni mo ń wò, Ìyá Perina. Ibẹ̀ tutù.”

“Àgbá wo ló ń wúkọ́?”

Jerolim rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò gbójú sókè. “Èyí tó dàgbà tó yín ni. Ẹ jẹ́ ká fọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ sílẹ̀.”

Perina padà sílé, ó ń rò ó. Bó bá jẹ́ pé ikú ló wà lábẹ́ ẹní rẹ̀ ńkọ́? Bí ẹlòmíì bá sì tú u fó, ta ni yóò gbà pé òun kò mọ̀? Ó wé gèlè dúdú rẹ̀, ó gba ilé ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ lọ.

“O rí aṣọ náà?” ni ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ bi í.

“Ikọ́ ni mo gbọ́, olúwa mi. Mo sì rí apẹ̀rẹ̀.”

“Apẹ̀rẹ̀ náà tó.”

Àwọn ẹ̀ṣọ́ mú ògùṣọ̀ sọ̀kalẹ̀, èrò sì pé sẹ́nu ọ̀nà. Wọn kò rí fọ́nrán òwú kan. Ọkùnrin kan ni wọ́n fà jáde, ó rù kan egungun, àpá ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ wà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Vicko ni, àbúrò Jerolim, tí wọ́n fi ṣe ẹrú tó ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ ogun Fẹ́nísì. Wọ́n ti ní omi gbé e lọ. Perina fúnra rẹ̀ wà níbi ìsìn òkú rẹ̀. Àṣé Vicko kò kú, ó ti sá wálé ni.

Ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ ní ìsáǹsá kì í ṣe aṣọ, ṣùgbọ́n òun kò ní padà lọ́wọ́ òfo. Wọ́n tún de Vicko. Bó ti ń kọjá níwájú Perina, ó tẹríba gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe ní kékeré.

“Ẹ káàárọ̀, Ìyá Perina.”

Jerolim kò wo apá ibi tí obìnrin náà wà.

Kò pẹ́ tí aṣọ náà fi jáde fúnra rẹ̀. Oníṣòwò ọlọ́rọ̀ kan ló rà á lówó pọ́ọ́kú, ilé rẹ̀ sì ni àrùn ti kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀. Ilé yẹn gan-an ni Perina ń fọṣọ fún. Nítorí náà, wọ́n kan ilẹ̀kùn yàrá Perina pa mọ́ ọn. Àwọn tó yìn ín pé ó ṣe ìlú lóore kò gba abẹ́ fèrèsé rẹ̀ kọjá mọ́. Ó kígbe omi títí ohùn rẹ̀ fi há.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Jerolim dúró lábẹ́ fèrèsé náà. “Ẹ sọ okùn sílẹ̀.”

Ó so búrẹ́dì, ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ àti ìgò omi mọ́ ọn. Perina fà á sókè. Ó yí búrẹ́dì náà síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó gbóòórùn rẹ̀, kò jẹ ẹ́. Ẹni tí òun tú àbúrò rẹ̀ fó, kí ló fi sínú nǹkan yìí?

Jerolim mọ ohun tó ń rò. “Ẹ sọ búrẹ́dì yẹn padà.”

Obìnrin kan pariwo látòkèèrè pé kó má fọwọ́ kan ohun tó ti ilé àrùn jáde. Jerolim bù ú jẹ, ó gbé e mì, ó sì tún dè é mókùn.

“Ṣé o ti dárí jì mí ni?” Perina bi í.

“Rárá. Ṣùgbọ́n mi ò lè máa kan àgbá kí n sì máa gbọ́ igbe yín.”

Ó ń wá bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tó yá, Perina sọ okùn sílẹ̀, kò rẹ́ni dì í mú. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, tí àrùn kò rí i gbé ṣe, Jerolim ti wà nínú kòtò òkú àrùn tí wọ́n da ẹfun lé. Bóyá búrẹ́dì yẹn ni o, bóyá ibòmíràn ló ti kó o, kò sẹ́ni tó mọ̀. Perina kò fura sí ẹnikẹ́ni mọ́ àfi ara rẹ̀.

Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ ogun bá gúnlẹ̀, á lọ sétíkun, á máa pe Vicko, kó lè sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú. Ọdún ń gorí ọdún. Lọ́jọ́ kan, ohùn kan dáhùn láti ìdí àjẹ̀, ó há, ó sì ti di ti àgbàlagbà:

“Èmi rèé. Ta ló ń béèrè mi?”

Perina la ẹnu, orúkọ ara rẹ̀ kò jáde.