Ariwo Inú Wáyà Nordvika

Nǹkan mẹ́ta ni ó bàjẹ́ ní abúlé Nordvika ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn. Rédíò Torgrim, bàbá arúgbó kan, di adití. Ilé iṣẹ́ wa sọ pé ọwọ́ wa mọ́. Èmi, Solvår, tí mo fi ọwọ́ ara mi so ẹ̀rọ tí ó bà á jẹ́ mọ́ òpó iná, sì ti fẹ́ràn ọmọ Torgrim.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni. Ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ti sọ pé abúlé náà kéré jù fún íńtánẹ́ẹ̀tì. Ilé iṣẹ́ iná tí mo ń bá ṣiṣẹ́ dáhùn pé wáyà iná kúkú ti wọ gbogbo ilé. Ẹ jẹ́ kí íńtánẹ́ẹ̀tì gba ọ̀nà tí iná ń gbà. Mo gba èyí gbọ́ tọkàntọkàn.

Ní ìdí òpó ẹnu ọ̀nà Torgrim ni mo ti kọ́kọ́ rí Eskil, ọmọkùnrin rẹ̀. Ó di àkàbà mi mú, láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́.

"Tó o bá já bọ́, kọfí wa la máa fi tọ́jú ẹ," ó ní.

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo máa já bọ́?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ohun tí màá fi pè ẹ́ wọlé ni mò ń wá."

Ọ̀rọ̀ tí ó gùn tó bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n lẹ́nu rẹ̀ ní gbogbo oṣù náà. Ìka ni Eskil fi ń sọ̀rọ̀. Bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ ní èdè kíkàn tí àwọn oní-rédíò fi ń ránṣẹ́ síra wọn láti ọ̀nà jíjìn, ìró gígùn àti kúkúrú. Nígbà tí a ń jẹ búrẹ́dì àti wàràkàṣì ewúrẹ́ lórí àpáta létí omi, ó fi ìka kan nọ́ńbà kan, mẹ́jọ, mọ́ àpáta, ó sì tún un kàn.

"Kí nìyẹn?"

Ojú tì í. "Mẹ́jọ-mẹ́jọ. Òun làwọn oní-rédíò fi ń dágbére fólólùfẹ́ wọn. Ìfẹ́ àti ìfẹnukonu."

"Ọkàn mi," mo ní, "tún un kàn."

Ọjọ́ tí a tan ẹ̀rọ náà, àwọn ọmọ ilé ìwé fò fún ayọ̀ níwájú kọ̀ǹpútà wọn. Ṣùgbọ́n nínú rédíò Torgrim, ariwo bí òjò orí páànù bo gbogbo ohùn mọ́lẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú ni ó máa ń fi rédíò náà bá Aslak ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹni tí ó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ ní erékùṣù kan lókè àríwá. Kò gbọ́ ọ mọ́.

Mo tẹ̀lé Eskil wọlé láti tọrọ àforíjì. Torgrim kò ní kí n jókòó.

"Ṣé ìwọ lo gun òpó mi?"

"Èmi ni, bàbá."

"Àárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lo gé. Ẹni tó bá ń jẹun nílé iṣẹ́ yẹn ò ní mu kọfí nílé yìí, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé kó fẹ́ ọmọ mi."

Mo wo Eskil. Eskil wo ilẹ̀. Ó dùn mí ju ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ lọ.

Mo kọjá sí ọ́fíìsì Hallvard, ọ̀gá mi, ní ìlú ńlá.

"A wọn ẹ̀rọ náà níbí, kò sí ariwo kankan," ó ní. "Bàbá arúgbó tó ń fi rédíò ṣeré ni. Fi í sílẹ̀ jàre."

"Abẹ́ ilẹ̀ ni wáyà wà níbí, ọ̀gá! Ní Nordvika, orí òpó ló ta sí. Ó ń ju ohùn síta bí òpó ilé iṣẹ́ rédíò. Àwa là ń pariwo, ẹ wá ń sọ pé ẹ ò gbọ́!"

"Kí lo wá fẹ́ ká ṣe?"

"Ká fo àwọn ọ̀nà inú afẹ́fẹ́ táwọn oní-rédíò ń lò, kí íńtánẹ́ẹ̀tì wa gba ìyókù."

"Íńtánẹ́ẹ̀tì á falẹ̀."

"Á falẹ̀ díẹ̀. Ohùn ẹ̀gbọ́n bàbá yẹn ò wọlé mọ́ rárá."

"Lọ gbìyànjú ẹ̀. Tó bá kùnà, má wulẹ̀ padà síbí."

Mo tún gbogbo ẹ̀rọ náà ṣe, láti orí òpó dé inú ilé. Ní ọjọ́ Àìkú, mo kọ́kọ́ yà ní ilé ìwé: íńtánẹ́ẹ̀tì ṣì ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo dúró lójú fèrèsé Torgrim, níbi tí òun àti Eskil ti ń mu kọfí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan rédíò yín."

Ó ṣe bí ẹni tí kò rí mi, ṣùgbọ́n ó tàn án. Ariwo náà ti lọ pátápátá. Láti ọ̀nà jíjìn, kíkàn kékeré kan bẹ̀rẹ̀.

"Aslak ni!" Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ó ń bú mi! Ó ní ihò wo ni mo sá wọ̀!"

Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ tán, ó dìde, ó gbé ife kẹta wá, ó sì bu kọfí kún un.

"Wọlé, ọmọ mi. Jókòó."

Mo jókòó bí ẹni tí ó ṣẹ́gun. Eskil rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan mẹ́jọ-mẹ́jọ mọ́ tábìlì.

Mo gbé ọwọ́ mi lé ìka rẹ̀.

"Rárá o. Lọ́jọ́ tí bàbá ẹ lé mi, ilẹ̀ lo wò. Mo ti bá ọ̀gá mi jà, mo ti pa ariwo inú wáyà, kò sí nǹkan tó tún lè bo ohùn ẹ mọ́lẹ̀. Má fi ìka sọ ọ́ fún mi, olùfẹ́ mi. Bàbá ń gbọ́. Fi ẹnu ẹ sọ ọ́: ṣé o máa fẹ́ mi, àbí o ò ní fẹ́ mi?"