Ohùn Tó Ń Pe Àgbékẹ́

Nọ́ọ̀sì Ṣubúọlá kì í ṣe alásọdùn. Bí ó bá ní ọmọ kan wọn póùn méje, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n, póùn méje ni yóò jẹ́. Etí ara rẹ̀ ni ó fi gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí, kò sì bu iyọ̀ kankan sí i.

Ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ní Ìsọlọ̀ ni ó ti ṣẹlẹ̀, ní ọdún kejì òmìnira, nígbà ọyẹ́. Wọ́n gbé obìnrin kan wá láti Èjìgbò. Tàwàkálítù ni orúkọ tó wà lórí káàdì rẹ̀. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù méje, síbẹ̀ ògógóró ń rùn lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ti rọbí rí, òkú ọmọ ni ó sì bí lẹ́ẹ̀mejèèjì. Dókítà ní bí ó bá tún fẹnu kan ọtí, ẹ̀kẹta náà yóò lọ. Wọ́n dá a dúró sí wọ́ọ̀dù, wọ́n sì kìlọ̀ fún Nùrẹ́nì ọkọ rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ gbé ìgò wọlé.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ le. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé kò lè di ife mú. Òógùn rin aṣọ bẹ́ẹ̀dì gbingbin. Àwọn nọ́ọ̀sì yòókù ń yínmú, wọ́n ń pè é ní ìyá ọlọ́tí. Ṣubúọlá ni ó ń fi ṣíbí bu ògì gbígbóná sí i lẹ́nu, tó ń nu ojú rẹ̀, tó sì ń pa á lẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó bi í pé, "Kí ló dé tí o fi ń mu ún ná?"

Tàwàkálítù ń wo àjà.

"Bí mo bá mu ún, mo máa ń gbọ́ ohùn màámi."

"Níbo ni wọ́n wà?"

"Wọ́n ti kú. Ọdún mẹ́rin rèé. Láti ìgbà tí mo ti dé ibí, mi ò gbọ́ wọn mọ́. Bóyá wọn ò mọ ibi tí mo wà."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí àwọn tó wá kí aláìsàn ti lọ, Ṣubúọlá gbé ìwo onígi tí wọ́n fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ lé ikùn rẹ̀. Ó tẹ etí lé e. Wọ́ọ̀dù pa rọ́rọ́. Ọkàn ọmọ ń lù, kì, kì, kì, ó yá, ó sì dára. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé rélùwéè tó ń kọjá ní Òṣòdì ni. Rélùwéè kọ́. Ohùn obìnrin àgbà kan ni, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń jí ọmọ lójú oorun.

"Àgbékẹ́. Àgbékẹ́ o."

Ṣubúọlá gbé orí sókè.

"Ta ló ń jẹ́ Àgbékẹ́?"

Tàwàkálítù dìde jókòó. "Ta ló sọ ọ́ fún yín? Màámi nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀."

Ṣubúọlá sọ ohun tó gbọ́ fún un. Obìnrin náà bú sẹ́kún. Ó tẹ̀ síwájú, ó tún tẹ̀ sí i, ó ń wá bí etí rẹ̀ yóò ṣe kan ikùn ara rẹ̀. Kò kàn án.

Láti ọjọ́ náà, kò dárúkọ ọtí mọ́. Ohun tó ń bèèrè lójoojúmọ́ ni pé, "Nọ́ọ̀sì, kí ni wọ́n wí?" Ṣubúọlá á sì sọ fún un: wọ́n ní ṣé o ti jẹun, wọ́n ní kí o bora torí ọyẹ́. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í tètè dé ibi iṣẹ́. Orí ìkúnlẹ̀ tí wọ́n fi bí i ni ìyá tirẹ̀ kú sí, kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí, ó sì ń jowú.

Oṣù kẹsàn-án pé, ọmọ kò bọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ìrọbí bá dé, Tàwàkálítù á pa itan pọ̀, á sé èémí, ìrora náà á sì padà.

"Bí ó bá jáde," ni ó wí, "ta ni yóò máa bá mi sọ̀rọ̀?"

Ọkàn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Dókítà ní bí kò bá bí i lọ́jọ́ yẹn, ọmọ yóò kú.

"Ẹ bi wọ́n," ni Tàwàkálítù wí. "Ohun tí wọ́n bá ní kí n ṣe ni màá ṣe."

Ṣubúọlá tẹ etí lé ìwo. Kì. Ó pẹ́. Kì. Ohùn náà sún mọ́ ọn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó ń sunkún.

"Àgbékẹ́, má jẹ́ kí n lọ. Mi ò mọ ibi tí mò ń lọ. Àgbékẹ́, dì mí mú."

"Kí ni wọ́n wí, nọ́ọ̀sì?"

Ṣubúọlá gbé ìwo kúrò.

"Wọ́n ní kí o jẹ́ kí ọmọ jáde. Wọ́n ní ó ti tó."

Tàwàkálítù pa ojú dé, ó sì dẹ gbogbo ara sílẹ̀.

Ọmọkùnrin ni. Ó ké débi tí ará Òkòtá fi lè gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó ké, Ṣubúọlá gbọ́ igbe kan tó gba ojú fèrèsé jáde, igbe àgbàlagbà. Nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó yíjú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí ó máa lọ ilé, ọwọ́ Tàwàkálítù kò gbọ̀n mọ́. Ó pọn ọmọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ ṣé, nọ́ọ̀sì. Ọkàn mi balẹ̀ pé tayọ̀tayọ̀ ni màámi fi lọ."

Ṣubúọlá fà á dìde. Nígbà tí wọ́n ti jáde ní géètì, ó mú ìwo, ó lọ bá gbogbo aboyún tó wà ní wọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì pẹ́ lórí ikùn kọ̀ọ̀kan. Ọkàn àwọn ọmọ nìkan ni ó gbọ́.