Oògùn Eégbọn Tó Wá Lórí Fóònù

Ẹsẹ̀ aránṣọ kan wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Bó bá rán ìlà kan tán, á dìde lọ wo ẹ̀yìnkùlé. Bó bá padà jókòó, á tún na ọrùn síta. Àwọn ewúrẹ́ tó ń sìn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni kò jẹ́ kó gbádùn. Eégbọn ti bò wọ́n. Ó wà létí, ó wà lábẹ́ ìrù, ó sì so mọ́ ara ìyá ewúrẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì bí ìgbà tí èso so mọ́ igi.

Fóònù rẹ̀ dún. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí Wásáàpù. Ọkùnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ohùn rẹ̀ balẹ̀ bí ohùn ẹni tó kàwé gan-an.

“Ẹ̀yin asìnran, èmi Dókítà ni mo ń bá yín sọ̀rọ̀. Oògùn kòkòrò tí wọ́n ń fọ́n sóko, ẹ pò ó mọ́ omi díẹ̀, kó ki dáadáa. Ẹ fi pa ẹran lára láti orí dé ìrù. Eégbọn á dàwátì. Ẹ fi ránṣẹ́ sí èèyàn yín, ẹ má dá ire jẹ.”

Ìyá ọkọ rẹ̀, tó ń ká ṣẹ́ẹ́tì tí wọ́n ti lọ̀, gbé ojú sókè.

“Ìyàwó, ta nìyẹn?”

“Dókítà ni, mà.”

“Ta ló sọ pé dókítà ni?”

“Òun fúnra rẹ̀ ni, mà.”

“Ó dáa náà. Èmi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara mi ní adájọ́ láti òní lọ.”

Aránṣọ rẹ́rìn-ín. Ara ti ń yá a. Ó fi ohùn náà sórí ẹgbẹ́ àwọn asìnran àdúgbò lórí Wásáàpù, ó sì kọ sí ìdí rẹ̀ pé: “Oògùn gidi rèé o.” Lẹ́yìn náà ló fa ìgò oògùn oko kan yọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyá ìbejì ló fi bẹ̀rẹ̀, ó fi àkísà pa á lára títí ara ẹran náà fi ń dán.

Kò tíì rán aṣọ tó padà jókòó tì tán nígbà tó gbọ́ igbe àwọn ọmọ ewúrẹ́. Ó sáré dé ẹ̀yìnkùlé. Ìyá wọn ti ṣubú, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gbọ̀n.

Ó ya fídíò rẹ̀ sórí ẹgbẹ́. Èsì ń ya wọlé bí òjò. Ẹnìkan ní kó fún un ní mílíìkì. Ẹlòmíì ní mílíìkì kọ́, omi iyọ̀ ni. Ẹnìkan tiẹ̀ ń béèrè bóyá wọ́n á ta ẹran náà. Aránṣọ sáré síbí, ó sáré sọ́hùn-ún, ó gbé mílíìkì, ó gbé e sílẹ̀. Ó pe dókítà ẹran tó wà nínú ẹgbẹ́ wọn. Fóònù ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó tún pè, ó tún pè.

Nígbà tó yá, dókítà pè é padà. Obìnrin ni, ariwo ọ̀kadà fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

“Kí lẹ fi pa á lára?”

Aránṣọ sọ ọ́.

“Ẹ má rọ nǹkan kan sí i lẹ́nu o, ó lè gba ọ̀nà òdì lọ pa á. Ẹ fi ọ̀rá bo ọwọ́ yín dáadáa, kẹ́ ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ̀ ọ́. Ẹ gbé e kúrò lóòrùn. Ẹ tọ́jú ìgò yẹn dè mí, mo ti wà lọ́nà.”

Òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ fọ ẹran títí ọwọ́ fi ro wọ́n. Dókítà dé, ó ka ara ìgò, ó sì gún ewúrẹ́ náà lábẹ́rẹ́. Díẹ̀díẹ̀, èémí rẹ̀ ń balẹ̀. Ìgbà náà ni dókítà wo ẹ̀gbẹ́ kan, ó rí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó nà gbalaja.

“Ṣé wọ́n mu ọmú lẹ́yìn tí ẹ pa oògùn sí ìyá wọn lára?”

“Èyí mu ún, mà.” Aránṣọ kúnlẹ̀ tì í. Ọmọ ewúrẹ́ náà ti kú.

“Kòkòrò oko ni wọ́n ṣe èyí fún,” ni dókítà wí. “Oògùn eégbọn tó jẹ́ ti ẹran wà. Bí ẹran bá ṣe tóbi tó la fi ń wọ̀n ọ́n. Ta lẹ tún sọ fún?”

“Mo ti fi sórí ẹgbẹ́, mà. Mà á pa á rẹ́ báyìí.”

“Ẹyin lohùn. Ẹ lè pa á rẹ́ lórí fóònù, ẹ ò lè pa á rẹ́ létí ẹni tó ti gbọ́. Ẹ fi ẹnu ara yín sọ fún wọn.”

Ojú tì í. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ló kún inú ẹgbẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ó tẹ fóònù, ó sì sọ̀rọ̀: “Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi Aránṣọ ni. Oògùn tí mo fi ránṣẹ́, májèlé ni. Mo lò ó, ọmọ ewúrẹ́ mi ti kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lò ó. Ẹni tó bá ti lò ó, dókítà wà níbí, kó pè wá.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Káfíńtà kan tó ń sin àgbò nìkan ni kò dáhùn, òun ló sì ti kọ tẹ́lẹ̀ pé, “A ó lò ó lónìí.” Aránṣọ pè é. Wọ́n ti pa fóònù rẹ̀.

Ó sáré jáde, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀ dé ilé káfíńtà. Ó bá ìyàwó káfíńtà tó pọn ọmọ sẹ́yìn, tó ń fi ọwọ́ lásán po oògùn nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Káfíńtà fúnra rẹ̀ ti di ìwo àgbò mú.

“Ẹ dákun, sà, ẹ má fi kàn án. Májèlé ni.”

“Ṣebí ìwọ lo ní oògùn gidi ni?”

“Èmi ni, sà. Èmi náà ni mo wá sọ pé kì í ṣe oògùn.”

Káfíńtà wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ó jọ̀wọ́ àgbò. Ìyàwó rẹ̀ sáré lọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́.

Ìyá ewúrẹ́ dìde lọ́jọ́ kejì, ọmọ rẹ̀ kan tó kù náà sì yè, ṣùgbọ́n fún ọjọ́ púpọ̀ ni aránṣọ ń ta gìrì bí fóònù bá ti dún. Ẹgbẹ́ wọn fẹnu kò pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé ìtọ́jú ẹran síbẹ̀ kí dókítà tó fọwọ́ sí i. Nígbà tí àgùntàn ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó ya fídíò rẹ̀ síbẹ̀. Dókítà ní kó yà á sọ́tọ̀ lójú ẹsẹ̀, ó sì wá tọ́jú rẹ̀ kó tó ran àwọn yòókù.

Ẹ̀yin asìnran, fóònù yín lè gba agbo ẹran là, ó sì lè run ún. Ìmọ̀ràn tẹ́ ò bá mọ orísun rẹ̀, ẹ má lò ó, ẹ má fi ránṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ bi dókítà ẹran tàbí òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn tẹ́ ẹ mọ̀. Bí ẹran bá ń ṣàìsàn, ẹ má fi pamọ́. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kẹ́ ẹ tètè sọ. Bẹ́ ẹ bá sì ti fi irọ́ ránṣẹ́ láìmọ̀, ẹ tún un sọ ní gbangba, kẹ́ ẹ sì fẹsẹ̀ rìn dé ilé ẹni tí kò gbé fóònù. Ìtìjú kì í pa ẹran. Májèlé ní í pa á.