Ìyá Tó Wà Lẹ́yìn Àga

Ìwọ tí wọ́n fi ìwé kékeré yìí lé lọ́wọ́, bóyá inú bọ́ọ̀sì gbàkà ní Abidjan níbí lo ti ń kà á, tí o ń ti Plateau bọ̀, tí o ń lọ sí Yopougon. Ó ti rẹ̀ ọ́. Mo mọ̀, nítorí ó rẹ èmi náà. Mi ò ní pẹ́.

Cyrille ń bá àwọn tó ń gba ẹrù jáde ní èbúté ṣiṣẹ́. Aago mẹ́rin ìdájí ló ń jí, nítorí ọ̀nà Yopougon kì í ṣàánú ẹni tó bá pẹ́. Abidjan ni wọ́n bí i sí, Èjìgbò ni bàbá rẹ̀ ti wá. Bàbá náà kú nígbà tí ọmọ wà ní ọdún méje. Ìyá rẹ̀ ló fi abọ́ àti ìkòkò títà ní ọjà Adjamé rán an nílé-ìwé, títí orúnkún fi kọ̀ fún un. Ìyá yìí nìkan ló ṣì ń pè é ní Olútóyè, ọ̀dọ̀ Cyrille ni ìyá sì ń gbé.

Cyrille kì í mutí. Kì í jalè. Kì í na ìyàwó. Bí o bá bi í, á ní onígbàgbọ́ lòun, wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún òun ní kékeré. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́ nínú pálọ̀.

Ó ra tẹlifíṣọ̀n kan tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn, ó sì ra àga tuntun tí wọ́n fi awọ bò. Tẹ́lẹ̀, pálọ̀ wọn rí bíi ti àwọn bàbá wa: àga yí ògiri ká, àlejò ń wo onílé, onílé ń wo àlejò. Cyrille ní ti ayé àtijọ́ nìyẹn. Ó bi fóònù rẹ̀ léèrè bí àga ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí tẹlifíṣọ̀n tó, ó fi téèpù wọn ilẹ̀, ó fi ẹfun sàmì sí i. Gbogbo àga wá kọjú síbì kan ṣoṣo. Tirẹ̀ wà láàárín gbùngbùn, ti ìyàwó àti àwọn ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ó ku àga ìyá. Ẹ̀bá fèrèsé ló ti máa ń jókòó, kí ó lè rí ojú ẹni tó bá wọlé. Ṣùgbọ́n orí ìyá ń dí Cyrille lójú níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìtọ̀ a máa bọ́ lára ìyá nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ Cyrille kò tíì fẹ́ bó ọ̀rá tó wà lára àga tuntun kúrò. Ló bá gbé àga ike kan sí ẹ̀yìn gbogbo wọn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn kíṣìnì. Ó ní, "Màmá, ibí yìí náà, ẹ ó máa rí i dáadáa."

Odette ìyàwó rẹ̀ pè é sí kọ̀rọ̀. "Papa Anita, ṣé ẹ fẹ́ máa kọ ẹ̀yìn sí màmá ni? Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nílé wa."

"Mais non! Kì í ṣe èmi ni mo kọ ẹ̀yìn sí wọn. Àga ni."

Ọmọ Yorùbá ni í sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé kò dára kí ọmọ kọ ẹ̀yìn sí ìyá, ìdí nìyẹn tó fi wá àga tí yóò bá a ṣe é.

Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, á kí ìyá lóòró, á sì jókòó. Ìyá á ní, "Olútóyè, báwo ni iṣẹ́ òní?" Á ní, "Màmá, ó rẹ̀ mí." Kò ní wẹ̀yìn. Kì í ṣe irọ́ ló ń pa, ó rẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Sátánì kò fi dandan fẹ́ kí o di apànìyàn. Bí ó bá ti lè jẹ́ kó rẹ̀ ọ́ débi pé o kò lè yíjú padà, ó ti rí iṣẹ́ ṣe.

Olújídé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé-ìwé, wá kí i ní ọjọ́ Ìsinmi kan. Kò síbi tó lè jókòó sí tí yóò ti rí ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Mon frère, a kàn ń sọ̀rọ̀ bí èrò inú gbàkà." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Olújídé wá ní, "Cyrille, Jésù ń pè ọ́ látọjọ́ yìí. Wò ó, kò ní máa dúró dè ọ́ títí."

Cyrille fi í ṣẹ̀fẹ̀: "Pásítọ̀, on va voir ça, a ó máa wò ó. Jẹ́ kí bọ́ọ̀lù yìí parí ná."

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, Odette àti àwọn ọmọ lọ sọ́jà. Ó ku Cyrille àti ìyá rẹ̀ nínú pálọ̀, bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́. Ó gbọ́ tí nǹkan ń lu ike lẹ́yìn rẹ̀, kó, kó, kó. Ó rò pé ìyá fẹ́ omi ni. "Màmá, ẹ ṣe sùúrù, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá." Ariwo náà kò dẹ́kun. Cyrille mú rìmóòtù, ó yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè.

Nígbà tó ṣe, ẹ̀yìn rẹ̀ dákẹ́.

Odette gba ilẹ̀kùn kíṣìnì wọlé, ó sì figbe ta. Ìyá fara ti ògiri, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti rọ. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ẹ̀yìn orí ọmọ rẹ̀ ló ń wò.

Ní ọsibítù, dókítà ní abẹ́rẹ́ kan wà tí àwọn lè fún un bí kò bá tíì pẹ́, ṣùgbọ́n bí wákàtí rẹ̀ bá ti kọjá, abẹ́rẹ́ náà lè pa á. Ó wá bi wọ́n pé aago mélòó ló bẹ̀rẹ̀.

"Ta ló wà lọ́dọ̀ wọn?"

"Èmi ni," Cyrille dáhùn.

"Alors, monsieur, à quelle heure?"

Cyrille ní, "Mo wà níbẹ̀, docteur. Mi ò wò wọ́n ni." Kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá ó ti bẹ̀rẹ̀ kí ìyá tó máa lu ike, nítorí náà wọn kò lè fún un ní abẹ́rẹ́ náà.

Ọjọ́ márùn-ún ló fi ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́bàá ibùsùn: "Màmá, ẹ dárí jì mí." Ìyá ń wò ó. Kò lè fọhùn. Ojú ti Cyrille débi pé kò lè jẹun.

Ní ọjọ́ karùn-ún náà, Olújídé wá bá a lórí bẹ́ǹṣì níta.

"Jídé, mo ti pa ìyá mi. Wọ́n ń lu ike kí n lè wẹ̀yìn, èmi mú rìmóòtù, mo yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè."

"Mi ò ní sọ pé o kò jẹ̀bi. O jẹ̀bi. Bí mo bá tàn ọ́ lónìí, a jẹ́ pé mi ò fẹ́ràn rẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi yìí gan-an ni Jésù gbé lọ sórí igi. Ó rí ọwọ́ rẹ lórí rìmóòtù yẹn, síbẹ̀ ó ní kí o wá."

"Ó ti rẹ̀ mí jù."

"Wá bẹ́ẹ̀. Kò ní kí o kọ́kọ́ lọ sinmi kí o tó wá."

Cyrille kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ ọsibítù, àwọn èèyàn ń yà fún un kọjá. Kò mọ àdúrà gígùn. Ó ní, "Olúwa, mo kọ ẹ̀yìn sí ẹni tó bí mi, mo kọ ẹ̀yìn sí ìwọ náà. Mi ò ní àwíjàre. Ṣàánú mi." Ó sunkún bí ọmọdé. Nígbà tó dìde, ó ṣì rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ ti fúyẹ́, ó sì mọ̀ pé ẹnìkan ti gbọ́ òun.

Láti ọjọ́ náà, ó ń jókòó kọjú sí ìyá rẹ̀. Ó ń nu ẹnu rẹ̀, ó ń pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, ó sọ fún un pé òun ti rí Jésù. Ó ń bẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́. Ìyá á máa wò ó. Ní ọjọ́ kọkànlá, ó kú, kò sọ ọ̀rọ̀ kan.

Ó wù mí kí n sọ fún ọ pé ìyá rẹ́rìn-ín músẹ́, pé ó gbé ọwọ́ lé ọmọ rẹ̀ lórí kó tó lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Cyrille mọ̀ pé Ọlọ́run ti dárí ji òun, òun àti Odette sì ń sin Olúwa títí dòní. Ṣùgbọ́n ohun tí ìyá rẹ̀ ìbá sọ, kò ní gbọ́ ọ láyé yìí mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi, má ṣe sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ kò tó ti Cyrille. Ohun kan wà tí o kọjú sí, o sì mọ ẹni tí o ti kọ̀ láti wò. Ọlọ́run kì í ṣe èèyàn tí àrùn lè pa lẹ́nu mọ́. Bí o bá pè é, yóò dá ọ lóhùn. Ìwọ ni ọjọ́ ń lọ lórí rẹ. Ahọ́n tí o fi kí aládùúgbò rẹ láàárọ̀ yìí, kò sẹ́ni tó bá ọ ṣàdéhùn pé yóò ṣiṣẹ́ lọ́la. Má dúró dìgbà tí ara yóò balẹ̀, ara kì í tètè balẹ̀ nílùú yìí. Sọ fún Jésù pé o jẹ̀bi. Sọ fún un pé kó gbà ọ́. Pè é nísinsìnyí, nígbà tí o ṣì lè fọhùn.